Ta Ni Yóò Jẹ Orí Ẹja?

Sátidé, 5 Júláì

Odidi ẹja, tábìlì tó kún fún oúnjẹ, kò sì sẹ́ni tó jẹun.

Jẹ́ kí n tò ó lẹ́sẹẹsẹ, kó má baà dà bí àlá bó bá di ọ̀la.

Àwa àti àwọn àna wa tuntun pàdé lónìí fún ìgbà àkọ́kọ́. Diméjì fẹ́ fẹ́ àbúrò mi, Kíkẹ́olúwa. Ilé ìfowópamọ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ ń gbé e lọ sí Yola ní ìparí oṣù yìí, àwọn méjèèjì sì fẹ́ kí àwọn àgbà ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó kó tó lọ. Diméjì ní bí òun ò bá mú ọjọ́ dání lọ, ó lè di ọdún tó ń bọ̀, ó sì lè di ọdún mìíràn lẹ́yìn ìyẹn. Kíkẹ́ kò fẹ́ gbọ́ “ọdún mìíràn” sétí.

Ibo la ó ti pàdé? Orozo tiwa jìnnà sí wọn. Karmo tiwọn jìnnà sí wa. Mọ́mì — Adájọ́, nínú ìwé yìí — ní òun kò ní gbàlejò àna nínú ilé tí wọn ò tíì kùn. Ìyá Diméjì náà ní àwíjàre tirẹ̀. Kíkẹ́ bá ní kí gbogbo wa kúkú lọ sí ilé oúnjẹ àwọn Ṣáínà tó wà ní Kado, lẹ́bàá ọjà ẹja. Kò wọ́n. Inú ọjà yẹn gan-an ni wọ́n ti ń ra ẹja. Wọ́n á kàn gbé e la títì kọjá nínú báàfù, ẹja á ṣì máa jà.

Tábìlì róbótó. Gíláàsì wà lórí rẹ̀ tó ń yí bí èèyàn bá fọwọ́ tì í. Ìrẹsì, edé, akàn, ẹ̀fọ́ kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà Madam fúnra rẹ̀ gbé ẹja dé — odidi, láti orí dé ìrù, atalẹ̀ àti àlùbọ́sà eléwé lẹ́yìn rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀. Ará Ṣáínà ni Madam, ṣùgbọ́n Hausa rẹ̀ dán ju Òyìnbó rẹ̀ lọ. Ó kí wa, sànnu, ó wò wá yíká, ó bi Japheth tó ń gbé oúnjẹ ní ìbéèrè, Japheth sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa: níbi tí Madam ti wá, ẹni tó bá dàgbà jù nídìí tábìlì ni wọ́n ń kọ orí ẹja sí. Òun ló ń kọ́kọ́ jẹ. Ta ni àgbà ibí?

Inú Adájọ́ dùn. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílé tòun: àgbà ló ń jẹ orí, àgbà tó bá sì jẹ orí ni yóò kọ́kọ́ lanu dárúkọ ọjọ́. Ìyá Diméjì ní àṣà tiwọn nìyẹn gan-an. Àwọn obìnrin mẹ́ta láti ibi tó jìnnà síra, wọ́n fohùn ṣọ̀kan láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Dáàdì wo bàbá Diméjì, Alàgbà Adéyẹmọ. Alàgbà náà wo Dáàdì.

Dáàdì ní, “Ẹ̀yin ni, ẹ̀gbọ́n mi.” Ó fọwọ́ ti gíláàsì. Orí ẹja lọ bá Alàgbà.

Alàgbà ní, “Ká má rí i. Àbúrò yín ni mo jẹ́, sà.” Orí ẹja padà wá.

Ó lọ, ó bọ̀. Edé ń kọjá níwájú mi, akàn ń kọjá, kò sẹ́ni tó lè nawọ́ mú nǹkan kan nítorí àgbà ò tíì jẹ. Ẹja náà ń wo olúkúlùkù wa bó ṣe ń kọjá. Nígbà tó yá ọ̀rá orí ọbẹ̀ dì. A ní kí wọ́n dì í fún wa, kò sì sẹ́ni tó gbà kí ó bá òun wọ mọ́tò. Mo rò pé Japheth ló jẹ ẹ́.

Kò sẹ́ni tó dárúkọ ọjọ́ kankan.

Mo ti ka ìwé tó pọ̀ nípa bí àwọn ènìyàn ṣe ń jà sí ipò àgbà. Nínú ìdílé yìí gan-an, mo mọ ìbejì méjì tí wọn ò tíì yanjú ẹ̀. N kò rí ibi tí ọkùnrin méjì onírùngbọ̀n funfun ti ń jà sí ipò àbúrò rí.

Sọ́ńdè, 6 Júláì

Mo mọ̀ ọ́n lánàá. N kò fẹ́ kọ ọ́ ni.

Dáàdì ní ọjọ́ orí méjì: ti ilé, ti ọ́fíìsì. Ti ilé ti pé mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ti ọ́fíìsì jẹ́ méjìdínlọ́gọ́ta. Bí òṣìṣẹ́ bá pé ọgọ́ta, ìjọba á ní kó máa relé, Dáàdì sì ń retí kí wọ́n fi òun ṣe dírẹ́kítọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Láti kékeré la ti mọ̀. Kì í ṣe ohun tí a ń sọ. Ó kàn wà nínú ilé bí ibi tí òrùlé ti ń jò. A mọ ibi tí a kì í gbé àga sí.

Lẹ́yìn wa lánàá, nídìí tábìlì kékeré, Àbdùlràhmọ̀n jókòó. Ilé iṣẹ́ kan náà lòun àti Dáàdì ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ló sì wà. Ó dà bíi pé gbogbo Sátidé ló ń wá jẹ akàn níbẹ̀. Eyín ló fi ń fọ́ ọ. Ìgbàkígbà tí gíláàsì wa bá yí, fífọ́ akàn á dáwọ́ dúró.

Ẹni tó bá jẹ orí ẹja níwájú Àbdùlràhmọ̀n ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ti Dáàdì yé mi. Kí ló wá ń ṣe Alàgbà?

Mọ́ńdè, 7 Júláì

Kíkẹ́ dín ẹyin, ó jó. Ó jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Wẹ́sìdeè, 9 Júláì

Diméjì pè láti béèrè bóyá a ti gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu Dáàdì. Mo bi í léèrè pé ọmọ ọdún mélòó ni bàbá rẹ̀.

Ó ní, “Èwo nínú ẹ̀, Sister Kúnbi?”

A rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà àwa méjèèjì dẹ́kun ẹ̀rín lẹ́ẹ̀kan náà. Àjọ ìjọba kan ni Alàgbà ti ń ṣiṣẹ́. Ti ọ́fíìsì òun náà ku díẹ̀ kó pé ọgọ́ta.

Sátidé, 12 Júláì

Ẹ̀ẹ̀kejì. Ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Kíkẹ́ ti dọ́gbọ́n: akàn nìkan la ó rà, akàn kò ní orí tí ẹnikẹ́ni lè jà sí. Ó dára. Akàn dé. Àwọn bàbá méjèèjì mí kanlẹ̀. Ni Madam bá tún yọ láti ilé ìdáná pẹ̀lú odidi ẹja tí a ò rà. Ẹ̀bùn ni. Japheth ló ti sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ìyàwó la wá sọ, Madam sì ní a kì í sọ̀rọ̀ ìyàwó láìsí odidi ẹja. Kíkẹ́ fara balẹ̀ béèrè bóyá wọ́n lè bá wa gé e wẹ́wẹ́. Madam wò ó bí ẹni tó ní kí wọ́n gé ọkọ rẹ̀ wẹ́wẹ́.

Ó kọ orí sí àárín àwọn méjèèjì, ó lọ.

N kò tíì sọ bí wọ́n ṣe múra. Dáàdì ti kun irun. Ó dúdú bíi bàtà tuntun, ó sì kan etí rẹ̀ díẹ̀. Alàgbà wọ fìlà àwọn agbábọ́ọ̀lù àti bàtà eléré ìje funfun, Ìyá Diméjì kò sì fojú kan ìsàlẹ̀ tábìlì títí a fi kúrò níbẹ̀.

Ìjà ìrántí ló kàn. Dáàdì ní nígbà tí wọ́n yí ìwakọ̀ orílẹ̀-èdè yìí padà sí apá ọ̀tún, ẹ̀yìn ìyá òun lòun wà. Láti kékeré ló ti ń sọ fún wa pé kíláàsì kẹta lòun wà lọ́jọ́ náà, pé tíṣà kó wọn lọ sí etí títì láti lọ wo bí awakọ̀ yóò ṣe kọlu ara wọn. Mo wo inú àwo mi. Alàgbà ní òun ò tilẹ̀ tíì dáyé nígbà yẹn. Ìyàwó rẹ̀, tó bá a jókòó ní kíláàsì kan náà ní ilé ìwé girama, wúkọ́ títí Japheth fi gbé omi wá.

Lẹ́yìn ìyẹn, Dáàdì dìde, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún Alàgbà lórí táìlì. Bàbá ìyàwó, fún bàbá ọkọ. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, Alàgbà náà ti bọ́ sílẹ̀. Àwọn méjèèjì dojú bolẹ̀ síra wọn lábẹ́ fáànù, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ dìde ni àgbà. Alàgbà ń sọ ọ́ láti ilẹ̀ pé, “Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n bú mi.” Dáàdì náà ń sọ ọ́ láti ilẹ̀ pé, “Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dìde, sà, kí n lè dìde.” Japheth gbé ọbẹ̀ gbígbóná kọjá lórí wọn lẹ́ẹ̀mejì.

Adájọ́ ló ní kí àwọn méjèèjì dìde lẹ́ẹ̀kan náà, òun á ka ení, èjì, ẹ̀ta.

Lẹ́yìn wa, akàn Àbdùlràhmọ̀n dákẹ́.

Sọ́ńdè, 13 Júláì

Kíkẹ́ sọkún lẹ́yìn ìsìn. Ó bá Dáàdì nínú pálọ̀, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ orí ẹja náà, lẹ́ẹ̀kan péré, kó dárúkọ ọjọ́. Dáàdì kò bínú. Ó fọwọ́ kan ògiri tí a ò tíì kùn. Ó ní, “Bí mo bá jẹ ẹ́, ta ni yóò parí èyí?” Ó wá ní kí Alàgbà jẹ ẹ́, òun náà ní ẹnu.

Kíkẹ́ wọ yàrá mi, ó jókòó sórí àwọn ìwé mi. Ó ní, “Sister mi, ẹja ni wọn ó máa dárúkọ nígbà tí wọ́n bá ń sọ ìdí tí mi ò fi nílé ọkọ.”

Mo rò ó, mo sì rí i pé ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn, Dáàdì àti Alàgbà. Ẹ̀rù kan náà ló ń bà wọ́n. Ó yẹ kí wọ́n lè sọ ọ́ fún ara wọn.

Túsìdeè, 15 Júláì

Mo ti rí i. Ó rọrùn débi pé ojú ń tì mí.

Ẹni tó dàgbà ju àwọn méjèèjì lọ la nílò. Ẹni tí kò sí ọ́fíìsì kankan tó lè lé e. Ìyá Dáàdì: Màmá Ọ̀tùn. Adájọ́ ti pe Ọ̀tùn Èkìtì kí n tó sọ ọ́ tán. Ta ló lè kọ̀ fún ìyá rẹ̀?

Tọ́sìdeè, 17 Júláì

Màmá dé. Kó tó sọ ẹrù kalẹ̀ ló ti béèrè ẹni tó kú.

Sátidé, 19 Júláì

N kò mọ bí n óo ṣe kọ èyí. N óo kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

A fi Màmá sáàárín Dáàdì àti Alàgbà. Ó ti gíláàsì lẹ́ẹ̀kan, ó wò ó bó ṣe ń yí, ó ní kí wọ́n má lò ó fún ọmọ tó ń ṣàárẹ̀, òòyì á kọ́ ọ. Madam gbé ẹja dé. Ó wo Màmá. Lónìí kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ Japheth. Ó fọwọ́ méjèèjì kọ orí ẹja sí i, ó sì tẹrí ba.

Màmá fọwọ́ mú orí. Ó jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó jẹ ojú, ó fa ohun tó wà nínú agbárí, ó to eegun sí etí àwo. Kò kánjú. Gbogbo wa ń wò ó bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Dáàdì ń mí bí ẹni tí wọ́n tú ìdè lọ́rùn rẹ̀.

Mo rò pé ó ti tán. N kò mọ̀ pé lẹ́yìn orí, ọrùn wà. Ìyá Diméjì ló rán wa létí — ó ní òun ò lérò ibi — pé nílé tiwọn, ẹni tó bá tẹ̀lé àgbà ló ń mú ọrùn.

Dáàdì ti gíláàsì. Alàgbà tì í padà.

Màmá jẹ́ kó lọ, kó bọ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó dúró gbọnin. Ó béèrè ohun tí àwọn àgbà ọkùnrin méjì ń fi oúnjẹ ṣe. (Èkìtì ló ń sọ, mo kàn ń tún un kọ ní Yorùbá ìwé.) Mo tẹ̀ sí i létí, mo sọ gbogbo rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́: ọ́fíìsì, ọgọ́ta, Yola, Àbdùlràhmọ̀n. Ó ń lá ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń gbọ́. Nígbà tó lá èyí tó kẹ́yìn, ó gbóhùn sókè.

“Tóbi, na ọwọ́ rẹ.”

Ọlọ́runtóbi ni orúkọ Dáàdì. Màmá nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Dáàdì na ọwọ́.

Màmá ní, “Ẹ ò rí i? Ọwọ́ yìí ló kó bá ọmọ yìí. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni, ó tẹ̀lé mi lọ sóko, a gba iwájú ilé ìwé kọjá. Tíṣà ń wọn àwọn ọmọ. Ó pe tèmi náà. Ó ní kó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí, kó fi kan etí òsì. Ó kàn án. Ó tiẹ̀ fà á. Tíṣà ní ó ti tó kíláàsì kìn-ín-ní. Mo ní, tíṣà, ọmú ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ẹ̀. Tíṣà ní etí kì í purọ́.”

Mo ṣírò rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Gbogbo wa la ti ń ka ọjọ́ orí Dáàdì láti kíláàsì kìn-ín-ní, bí ẹni pé ọmọ ọdún mẹ́fà ló wọ ibẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta ni — méjìdínlọ́gọ́ta ni. Ti ọ́fíìsì. Láì dín, láì lé.

Dáàdì ní, “Màmá, ẹ ò sọ fún mi rí.”

“O bi mí rí?”

Ojú Dáàdì lákòókò náà: ó dà bíi ti olè tó já ilẹ̀kùn wọlé onílé, tó wá bá àwòrán ara rẹ̀ lára ògiri. Láti ìgbà tó ti wọ iṣẹ́ ìjọba ló ti ń purọ́, àṣé òótọ́ ló ń sọ.

Alàgbà ti ń làágùn. Òun ló kù tó jẹ́ àgbà. Ọrùn ẹja ń wò ó. Màmá yíjú sí i, ó ní kí òun náà na tirẹ̀.

Ọwọ́ Alàgbà kúrú. Gbogbo wa ló rí i. Màmá tẹ̀ ẹ́ wò láti èjìká dé ọrùn ọwọ́ bí ẹni fẹ́ ra iṣu.

Ó ní, “Ọwọ́ yìí gùn nígbà kan. Iṣẹ́ ìjọba ló mú un sún kì. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ìwọ náà.”

“Mẹ́ta ààbọ̀, Màmá,” ni Alàgbà wí, tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀.

“Ẹ gbọ́ bí. Ọmọdé ni ẹ̀yin méjèèjì. Ṣé ọmọdé ń jẹ ọrùn ẹja lójú àgbà? Ẹ gbé e fún àwọn ìyá yín.” Ó sì nawọ́ sí Adájọ́ àti Ìyá Diméjì.

Wọ́n fún àwọn bàbá ní ìrù. Wọ́n pín in. N kò rí ẹni tó fi irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ ìrù ẹja rí.

Mo wo ẹ̀yìn. Madam dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí, ó ń kan etí. Japheth gbé àwo sí ọwọ́ kan, ó ń fi èkejì dán an wò. Àbdùlràhmọ̀n mú ẹsẹ̀ akàn dání. Ọwọ́ rẹ̀ kejì ti gba orí fìlà kọjá, ó ń fara balẹ̀ wá etí tirẹ̀.

Màmá nu ẹnu. Ó ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá, lẹ́yìn iṣu tuntun, kí ọyẹ́ tó máa la ètè. Kíkẹ́ kúnlẹ̀. Diméjì dọ̀bálẹ̀. Àwọn bàbá kò dọ̀bálẹ̀. Adájọ́ ti fojú kìlọ̀ fún wọn.

Sọ́ńdè, 20 Júláì

Ìnira tuntun. Mo bá Adájọ́ nínú ilé ìdáná, kò dáná, ó kàn dúró ti sítóòfù. Ó ní, “Kúnbi, mo pé ọgọ́ta ní oṣù Kejì. Ṣé ó yé ọ? Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ni mo ti ń kúnlẹ̀ kí àbúrò mi láràárọ̀.”

N kò tíì ronú kan ìyẹn.

Nígbà tí oúnjẹ ọ̀sán délẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, ó ní, “Tóbi, wá jẹun.” Dáàdì wò ó. Dáàdì dìde, ó wá jẹun. Ó tiẹ̀ ní ẹ ṣé, mà.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo rí Tèmi, ọmọ àwọn ayálégbé wa, nínú ọgbà. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni. N kò fẹ́ ṣe é. Mo ṣe é. Mo ní kó gbé ọwọ́ gba orí, kó fi kan etí kejì. Ọwọ́ rẹ̀ dé àárín orí, ó dúró síbẹ̀ bíi fìlà. Mo fún un ní bisikíìtì, a tún un ṣe. Kò dé ibì kankan. Mo pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Òun náà ò kàn án, ó ku díẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́ta wo ló kan etí?

Mo lọ bá Màmá. Ó ti na ẹsẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi òrí pa á. Mo bi í léèrè bóyá bó ṣe ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ nìyẹn. Kò la ojú.

Ó ní, “Ṣé kí àbúrò rẹ rílé ọkọ lọ lo fẹ́ ni, àbí kó jókòó tì ọ́ kí ẹ jọ máa ka ọdún?”

Mo dìde. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tó tún sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ọwọ́ ẹ̀ gùn ṣá.”

Tọ́sìdeè, 24 Júláì

Màmá padà sí Ọ̀tùn. Ó ti kọ́ bí a ṣe ń se ẹja alátalẹ̀ lọ́dọ̀ Madam. N kò mọ èdè tí wọ́n fi sọ ọ́.

Sátidé, 26 Júláì

Diméjì lọ sí Yola láàárọ̀ yìí, ó mú ọjọ́ dání. Kíkẹ́ ń kọrin nínú balùwẹ̀.

Ní ọ̀sán, àwa tó kù lọ sí Kado, nítorí ẹja nìkan, láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Madam gbé e dé. Kí gíláàsì tó yí, Adájọ́ ti mú orí. Àbdùlràhmọ̀n kí Dáàdì láti ìdí akàn rẹ̀, ó ní òun náà ti pe ìyá òun ní abúlé.

Nígbà tí a délé, mo gba ẹnu ọ̀nà yàrá wọn kọjá. Dáàdì dúró níwájú dígí kọ́bọ́ọ̀dù, síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀. Àwọ̀ dúdú ti ń ṣí kúrò nínú irun rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gba orí kọjá, ìka rẹ̀ di etí òsì mú ṣinṣin. Ó rí mi nínú dígí. Kò sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Ó ní, “Kúnbi, ìwọ lo máa ń kàwé. Wò ó dáadáa. Ṣé ọwọ́ mi gùn?”

Mo wò ó. Ọwọ́ bíi ti gbogbo ènìyàn ni.

Mo ní, “Ó gùn, sà. Ó gùn gan-an.”